Ọkàn Mi Ò Balẹ̀ sí Aláìsàn Yìí: Nọ́ọ̀sì Níwájú Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ̀yin mátírọ́ọ̀nù tí ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí igun rẹ̀ fi ń mú bí ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wọ funfun níwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ kú ìjókòó. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojú tí nọ́ọ̀sì fi ń wo AI, ìyẹn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n, àti bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Mo máa dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn màmá kan fún yín.

Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo wà, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Màmá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ wọn sì nìyí. Àtìgbà tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n ti ń bú mi. Mi ò mọ abẹ́rẹ́ gún. Ọwọ́ mi tutù bí ẹja inú fíríìjì. Mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ta ló máa fẹ́ mi? Gbogbo wọ́ọ̀dù a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá lágbára àtibú èèyàn, ara rẹ̀ ń yá bọ̀ nìyẹn.

Lóru ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo lọ wọn bípí wọn. Wọ́n na apá sí mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Bípí dára. Ara wọn ò gbóná. Ìlù ọkàn wọn yára díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún níjẹta tí ọkàn rẹ̀ ò ní yára díẹ̀? Mo kúrò níbẹ̀, mo dé ìdí tábìlì, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi jókòó. Mo padà lọ wọ̀n ọ́n. Mo tún padà. Kí wákàtí kan tó pé, mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni ètò ní kí n máa wọ̀n ọ́n.

Mo pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. “Sísítà, kí ni bípí wọn?” Mo sọ fún wọn. “Ìgbóná ara ńkọ́?” Mo sọ ìyẹn náà. “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” Mo ní, “Dókítà, Màmá ò bú mi.”

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó dìde wá, wọ́n sì fi ojú sọ fún mi pé mo máa gbọ́ tèmi bí ilẹ̀ bá mọ́. Wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn Màmá. Ojú wọn yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ya sínú ikùn láìrí ojú ọ̀nà jáde, ara àgbàlagbà yẹn sì ń fi gbogbo ipá rẹ̀ gbé bípí dúró kí ayé má baà mọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, Màmá ti padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí bóyá ẹ̀rù AI ń ba nọ́ọ̀sì, fóònù yẹn ni mo máa ń rántí. Ẹ̀rọ ò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀rọ ló ń ka omi tó ń kán sínú iṣan, ẹ̀rọ ló ń ya ìlù ọkàn sójú gíláàsì, ẹ̀rọ ló ń mí fún ẹni tí kò lè mí. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn kò ju ìbéèrè méjì lọ: bí ojú mi bá rí ohun kan, tí ẹ̀rọ sì sọ òmíràn, ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n máa gbà? Bí ó bá sì bàjẹ́, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sí i?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. AI tí mò ń sọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi fáìlì àìmọye aláìsàn kọ́ ni. Ó ti rí bí nọ́ńbà àwọn tó kú àti àwọn tó yè ṣe rí, ó wá ń wo fáìlì tuntun, ó ń sọ pé ti ẹni yìí jọ ti àwọn tí ara wọn dẹnu kọlẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń kìlọ̀, òun ni wọ́n fi ń kọ ìròyìn tí nọ́ọ̀sì fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pín nọ́ọ̀sì sí wọ́ọ̀dù láwọn ibòmíràn.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ di ariwo. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn nọ́ọ̀sì jáde síta níwájú ilé-ìwòsàn Kaiser Permanente ní San Francisco, ohun tí wọ́n sì ń wí ni pé nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé AI. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ National Nurses United bi àwọn nọ́ọ̀sì tó lé ní 2,300 léèrè ọ̀rọ̀. Nínú 100, 60 ló sọ pé àwọn ò gbà pé ààbò aláìsàn ni agbanisíṣẹ́ àwọn máa fi ṣáájú bó bá ń mú AI wọlé. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá pinnu bí àìsàn aláìsàn ṣe le tó, èyí tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ sọ pé ohun tí ẹ̀rọ wí ò bá ohun tí ojú àwọn rí mu.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn, torí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé àìsàn ò le, nọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n máa rán wá dípò mẹ́ta. Aláìsàn méjì lè ní nọ́ńbà kan náà. Ọ̀kan ń hanrun. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ òun lọ́la, ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, kò sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ìdajì wákàtí tí nọ́ọ̀sì yẹn lò ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí tí ẹ̀rọ máa fi rí i?

Ẹnìkan lè sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n, kò sí bí wọ́n ṣe máa yin ohun tó lè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni, èmi náà ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ rí, mo mọ bí a ṣe ń pariwo. Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ti àwọn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ilé-iṣẹ́ Epic ló ni ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ńlá Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú fáìlì. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ sepsis, ìyẹn àkóràn tó le débi pé ara aláìsàn dojú ìjà kọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí mọ̀ pé wákàtí la fi ń bá a du ẹ̀mí. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan tẹ àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìgbàtọ́jú 38,455 wò. Nínú àwọn tó ní sepsis lóòótọ́, ẹ̀rọ náà kò rí ìdá 67 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń dún lórí ìdá 18 nínú 100 gbogbo aláìsàn tó wọlé. Ajá tó bá ń gbó sí gbogbo ẹni tó kọjá, àmọ́ tó sùn nígbà tí olè fo ògiri, ta ló máa dìde lóru nítorí rẹ̀? Kí AI tó dé ni àjọ Joint Commission tó ń ṣọ́ dídára iṣẹ́ ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ pé ìdá 85 sí 99 nínú 100 àlámù tó ń dún lórí wọ́ọ̀dù ni kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Etí nọ́ọ̀sì ti kún kí èyí tó wá kún un.

Nọ́ọ̀sì kan ní Kalifọ́níà, ẹni tó ti lo ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fún àwọn oníròyìn ní ọdún 2023. Ẹ̀rọ ké pé aláìsàn òun ní sepsis. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe aláìsàn náà, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì lè pọ̀ láìsí àkóràn kankan. Nọ́ọ̀sì mọ èyí, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ òfin ilé-ìwòsàn ní kí ó tẹ̀ lé ìlànà bí ẹ̀rọ bá ti ké. Ó lè kọ̀ bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ tó wá jẹ́ pé òun ló ṣìnà, wọ́n lè bá a wí lẹ́nu iṣẹ́. Ó gún abẹ́rẹ́, ó fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àìsàn ti ń fà lẹ́jẹ̀. Ẹ ò rí i? Bí ẹ̀rọ bá ṣìnà, kò sẹ́ni tó máa pe ẹ̀rọ wá sí ọ́fíìsì mátírọ́ọ̀nù.

Ẹ má rò pé mo wá bú ẹ̀rọ. Mo ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé-ìwòsàn Yunifásítì Duke ní North Carolina bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tiwọn tí wọ́n pè ní Sepsis Watch. Wọn ò jẹ́ kí ó máa ké sí gbogbo ayé létí. Nọ́ọ̀sì tó ti gbó lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi jókòó tì í. Bí orúkọ aláìsàn bá di pupa lójú ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì a ka fáìlì rẹ̀, a rò ó, lẹ́yìn náà ló máa gbé fóònù pe dókítà tó wà ní yàrá pàjáwìrì. Àwọn olùwádìí méjì, Madeleine Elish àti Elizabeth Watkins, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2020. Wọ́n rí i pé ìpè fóònù yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ìgbà wo ni kí n pè é tí kò ní kanra? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mò ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀? Àwa tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ò nílò olùwádìí kó tó yé wa. Bí a bá fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé ó wọ bùbá sódì, a kì í sọ ọ́ láàárín ọjà, a máa ń sún mọ́ wọn, a máa kí wọn, ká tó wá ní “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọrùn aṣọ yín.” Iṣẹ́ ni. Kò sí nínú ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí i, ìmọ̀ ẹ̀rọ ò dé ara aláìsàn.

Èyí tó mú inú mi dùn jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Nọ́ọ̀sì kan tó tún jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York, Sarah Rossetti, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi àti Màmá wà lóru ọjọ́ yẹn. Ó bi ara rẹ̀ pé nígbà tí ọkàn nọ́ọ̀sì ò bá balẹ̀ sí aláìsàn, kí ló máa ń ṣe? Ó máa ń padà síbẹ̀. Á wọn bípí nígbà tí àkókò rẹ̀ ò tíì tó. Á kọ àfikún ọ̀rọ̀ sínú fáìlì. Á dá oògùn kan dúró ná. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní CONCERN. Dípò kí ó kàn máa wo nọ́ńbà bípí, ó ń wo bí nọ́ọ̀sì ṣe ń lọ tó ń bọ̀: aago mélòó ló kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lóru, àsìkò tí ètò sọ ni àbí àsìkò tí ọkàn rẹ̀ sọ. Ìfura nọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ náà ń kà.

Wọ́n dán an wò ní wọ́ọ̀dù 74, pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 60,000, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú Nature Medicine ní ọdún 2025. Ewu ikú láàárín àwọn tí ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ fi ìdá 35.6 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí wọ́n ń tọ́jú bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún yára lọ sílé. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì rántí bípí tí mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Ká ní ẹ̀rọ yẹn wà lọ́jọ́ náà ni, òun ni ì bá bá mi pe dókítà. Kò sì sí dókítà tí í mí kanlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wálé. Ìtìjú ni mo fi fẹ́ sọ èyí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín máa wolẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ní aláìsàn ọgbọ̀n lóru, tí ẹ̀rọ bípí kan ṣoṣo wà, tí bátìrì rẹ̀ sì ti ń kú lọ, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀? A máa jókòó, a máa kọ ìgbóná ara 36.8, 37.0, 36.9 láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé èyí tó kẹ́yìn. Mo ti ṣe é rí. Mo rí àwọn àgbà tó ṣe é ṣáájú mi. Bí wọ́n bá wá kó fáìlì wa fún AI pé kó fi kọ́ṣẹ́, irọ́ la máa fi tọ́ ọ. Á wá gbà pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìlera. Ẹni tó bá fẹ́ fún wa ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n, kó kọ́kọ́ fún wa ní nọ́ọ̀sì mẹ́ta sí i àti bátìrì.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà láti Michigan kọ̀wé pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sọ pé ọ́síjìn wà láàárín 92 àti 96, tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ wò ó, wọ́n ń rí i pé ti àwọn kan ti lọ sílẹ̀ ju 88 lọ. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 3.6 nínú 100 ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ìdá 11.7. Àwọ̀ ara wa ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà ń ṣì kà. Ẹ̀rọ ìka yẹn kì í ṣe AI, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ohun tí AI ń jẹ. Nọ́ọ̀sì tó bá gbé ojú kúrò lára gíláàsì, tó ṣí ètè aláìsàn wò, tó wo èékánná rẹ̀, tó ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, òun ló máa gba ọmọ ìyá rẹ̀ là.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tó lè ṣe wá láǹfààní. Charles Onu, ọmọ Nàìjíríà, kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun láti mọ èyí tí atẹ́gùn ò tó nígbà ìbí. Ubenwa ló pè é, ìyẹn ni ẹkún ọmọ lédè Igbo. Agbẹ̀bí ti mọ èyí tipẹ́. Ó mọ ẹkún ebi yàtọ̀, ó mọ ẹkún òtútù, ó sì mọ ẹkún tó máa ń mú un ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí fóònù kan bá lè fi etí agbẹ̀bí àgbà fún ọmọdébìnrin tó dá wà ní ilé ìlera abúlé, mo fọwọ́ sí i. Ọmọ Mẹ́síkò ni àwọn tí wọ́n fi ẹkún wọn kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó máa gba ohùn àwọn ọmọ ilé-ìwòsàn tiwa sílẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá sí wọ́ọ̀dù yín nìyẹn: ara ta lẹ fi kọ́ ọ? Àti pé, bí iná bá lọ ńkọ́? Àwa tó rí UCH Ìbàdàn láìsí iná ìjọba fún ọjọ́ tó lé ní 100 láti òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2024, a kì í fi ìbéèrè yẹn ṣeré.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńlẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Hippocratic AI kéde pé òun ní ohùn AI tó lè máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bíi nọ́ọ̀sì, owó rẹ̀ kò sì tó dọ́là 9 fún wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ Oregon dá wọn lóhùn ní ọdún 2025 pẹ̀lú òfin pé ohun tí kì í ṣe èèyàn ò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ràn òfin yẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi parí sí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ bi mí ní ìbéèrè. Ọmọdébìnrin kan láti ìlà ẹ̀yìn dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkàn mi ò bá balẹ̀ sí aláìsàn, tí gbogbo nọ́ńbà sì dára, kí ni kí n kọ sínú fáìlì? Olùkọ́ wa ní ká má kọ ohun tí a ò wọ̀n.”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà fi ìwé bojú. Mo sọ fún un pé olùkọ́ rẹ̀ ò parọ́. Kó má kọ pé ọkàn òun ò balẹ̀. Kó kọ ohun tó gba ìbàlẹ̀ ọkàn lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ aago, kó sì kọ ẹni tó pè. Mo ti da èyí tí mo kọ lóru ọjọ́ yẹn kọ sínú ìwé ara mi, ó sì wà nínú báàgì mi. Mo kà á fún un: “Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Aláìsàn jí, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ibi tó wà. Bípí kò yí padà. Kò bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo tún pe dókítà, ìpè kẹta.”